Ilẹ̀kùn Kíláàsì Karùn-ún Tí Èmi Fúnra Mi Kàn

Ọmọ mi, àkọ́bí mi,

Ara ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ẹ̀yìn tó máa ń dùn ọ́ bí o bá ti pẹ́ jù lábẹ́ ọkọ̀ ńkọ́? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí irin já lé ọ lórí. Gbogbo ọkọ̀ ẹrù tí o bá fọwọ́ kàn, kí ó máa lọ, kí ó máa bọ̀, kí ẹni tó ni ín máa fi ọpẹ́ dárúkọ rẹ. Bá mi kí onílé rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o sọ pé kì í dáhùn bí èèyàn bá kí i. Ìwọ ṣáà máa kí i, bó bá pẹ́ títí á rẹ̀ ẹ́. Ara tiwa náà le. Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ kí ọ fún òun kí n tó kọ ohunkóhun mìíràn, ó sì dúró sẹ́yìn mi títí mo fi kọ ọ́, ó ní òun mọ̀ mí.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn, fóònù kì í sì í fẹ́ ọ̀rọ̀ gígùn. Bí mo bá fi máa kí ọ tán, kí n kí ìyàwó, kí n kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, obìnrin tó ń gbé inú fóònù yẹn á já lu ọ̀rọ̀, á ní owó mi ti tán, kò sì sí ọjọ́ kan tí mo bẹ̀ ẹ́ tó jẹ́ kí n parí gbólóhùn mi. Ìyá rẹ ní bóyá èrò ló pọ̀ fún un, kí n má bínú sí i. Mi ò bínú. Lẹ́tà ló rọ̀ mí lọ́rùn, dírẹ́bà tó ń kó pákó wá fún mi ni á bá mi mú un dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ, tíṣà, ni. O mọ̀ pé kíláàsì karùn-ún ló ń kọ́ lọ́dún yìí ní ilé-ìwé wa níbí, nínú yàrá tí ìwọ náà ti kàwé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ló ti ń jáde ní Sátidé, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, pẹ̀lú báàgì tó kún fún ìwé àti bàtà pẹlẹbẹ. Ìyá rẹ ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ kiri ilé, ó ti rò pé ọkùnrin kan ló wà nídìí ẹ̀. Mo pè é jókòó, mo bi í. Ó ní àwọn tíṣà ilé-ìwé mẹ́sàn-án ló ń pàdé, pé kálukú wọn á mú ohun kan tí kò lọ déédéé nínú kíláàsì tirẹ̀ wá, wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á wá ọ̀nà tí wọ́n á fi wádìí rẹ̀, ẹni tó ni ín á padà lọ gbìyànjú, á sì mú èsì wá fún àwọn tó kù. Ó ní olùkọ́ kan láti kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà ló ń fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn wọ́n. Mo bi í pé ta ló rán wọn níṣẹ́. Ó ní kò sẹ́ni tó rán wọn. Mo ní ta ló ń san owó ọkọ̀. Ó ní àpò òun ni. Mo wá bi í jẹ́jẹ́ pé kí ló ṣe tí wọ́n fi ń fìyà jẹ ẹ́.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọdún kẹjọ rèé tí òun ti ń kọ́ ọmọ, òun ò sì tíì mọ̀ dájú ẹni tó ń gbọ́ òun àti ẹni tó kàn ń wò òun lẹ́nu, òun kàn ń gbà á gbọ́ pé wọ́n ń gbọ́ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ọmọ mi, mo ti bá bíríkìlà ṣiṣẹ́, mo ti bá akunlé ṣiṣẹ́, mo ti bá àwọn oníná ṣiṣẹ́, mi ò tíì rí ẹni tó dìídì gbé ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti kù díẹ̀ káàtó jáde kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wò ó. Èmi, tí tábìlì mi bá ń mì, páálí ni mo máa ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, màá yí ẹsẹ̀ yẹn sára ògiri, màá gba owó mi.

Ohun tí àbúrò rẹ gbé lọ síbẹ̀ ni pé bí òun bá bèèrè ìbéèrè nínú kíláàsì, àwọn wo ló ń dáhùn, àti pé báwo ni òun ṣe ń dúró pẹ́ tó kí òun tó fi ẹnu ara òun dáhùn. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì náà tí wọ́n ń pè ní Adákẹ́, ọmọ-ọmọ ìyá aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn. Ọdún kejì rẹ̀ rèé nínú kíláàsì kan náà, lórí bẹ́ǹṣì kan náà, kò sì tíì la ẹnu dáhùn ìbéèrè kan rí. Kì í ṣe odi o. Mo ti gbọ́ tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ àgbà, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Bó bá ti wọ kíláàsì báyìí, ó parí. Tíṣà tó kọ́ ọ lọ́dún tó kọjá kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀ pé kò já fáfá. Ọ̀gá ilé-ìwé wá sọ pé bí táàmù yìí bá parí tí nǹkan ò yí padà, òun á gba ìyá aránṣọ nímọ̀ràn kí ó mú ọmọ náà kúrò kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́, ṣebí ẹ̀rọ ìránṣọ wà nílẹ̀. Ìyá aránṣọ ti gbà fún un. Ó tiẹ̀ ti gbé àga kan wá bá mi kí n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, kí ó lè bá ọmọ náà mu nídìí ẹ̀rọ. Mo gé e, mo dán an, mo gba ọpẹ́, mi ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Kí àbúrò rẹ tó bẹ̀rẹ̀, ó ní fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ gbogbo òbí, méjìdínlọ́gbọ̀n. Èmi ló fún ní iṣẹ́ pé kí n pín in, torí mo mọ ilé gbogbo wọn, èmi ni mo kan ilẹ̀kùn èyí tó pọ̀ jù. Mo jókòó kà á. Gbogbo rẹ̀ dára, àfi ibì kan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé òbí lè yọ ọmọ rẹ̀ kúrò nínú ìwádìí náà nígbàkígbà tó bá wù ú, láìsọ ìdí fún ẹnikẹ́ni. Inú bí mi. Mo ní irú èèyàn wo ni wọ́n pè wá? Mo mú rúlà, mo mú bírò, mo fagi lé ibẹ̀ lórí méjèèjìdínlọ́gbọ̀n, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ dáadáa pé a ò ní yọ ẹnikẹ́ni, àwa kì í ṣe ẹni tó ń sá. Nígbà tí àbúrò rẹ rí i, ó di ojú, ó mí kanlẹ̀. Ó ní gbólóhùn tí mo pa rẹ́ yẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú ìwé náà, nítorí ẹni tí kò lè kọ̀, kò tíì gbà. Ó ní láti lọ tẹ òmíràn. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mo tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìyá rẹ bóyá ó fẹ́ kí n gbé ohùn rédíò sókè, ó sì ti kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí ó wá ẹnì kan tí kì í ṣe tíṣà, tó lè jókòó sẹ́yìn kíláàsì láìsọ̀rọ̀, kí ó máa fa ìlà sórí ìwé. Ó mú mi. Ó ní ojoojúmọ́ ayé mi ni pẹ́ńsù wà létí mi, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan. Mo wẹ̀, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí o rà fún mi. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, kò tíì sí ẹnì kankan àfi fóònù tó gbé sórí fèrèsé. Ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé fóònù náà á gba gbogbo ohùn inú kíláàsì, kí àwọn tíṣà tó kù lè gbọ́ ọ. Mo ní àṣé wọ́n ti wà lórí ìlà. Mo ṣí fìlà, mo kí wọn kú iṣẹ́, mo ní èmi ni bàbá tíṣà, mo bèèrè àlàáfíà ilé wọn, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má bínú pé mi ò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọn, pé orúnkún òsì ni. Wọn ò dáhùn. Mo ní bóyá iṣẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Iṣẹ́ mi kò le. Àbúrò rẹ ti ya àwòrán àwọn bẹ́ǹṣì sórí ìwé, ó kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan síbi tó jókòó sí. Bó bá bèèrè ìbéèrè lọ́wọ́ ọmọ kan, tàbí tí ọmọ kan bá dáhùn, kí n fa ìlà kan sórí orúkọ rẹ̀. Mo fà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lu agogo, mo wo ìwé náà, mo rí i pé àwọn kan ní mọ́kànlá, àwọn kan ní mẹ́jọ, àwọn mìíràn jókòó síbẹ̀ láìní nǹkan kan. Àánú wọn ṣe mí. Ṣé èèyàn á wá pín nǹkan láàárín ọmọ, kí ó fo àwọn kan? Mo fún gbogbo àwọn tí kò ní ní ìkọ̀ọ̀kan. Adákẹ́, mo fún un ní méjì, nítorí èmi àti ìyá rẹ̀ àgbà mọwọ́ ara wa.

Àbúrò rẹ gbé ìwé náà délé, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ojú rẹ̀ tàn. Ó ní Adákẹ́ dáhùn lẹ́ẹ̀mejì? Ìbéèrè wo? Kí ló sọ? Mo wo àjà. Ìyá rẹ, tí ẹnikẹ́ni ò bá sọ̀rọ̀, ní mo ti ṣe nǹkan kan, pé òun mọ bí ọrùn mi ṣe máa ń rí. Mo jẹ́wọ́. Ká ní ó bínú ni, ì bá sàn. Kò bínú. Ó jókòó tì mí, ó ní bí mo bá ń wọn pákó, ṣé mo máa ń fi ínǹṣì méjì kún un torí àánú pákó ṣe mí? Mo ní rárá. Ó ní ìwé tó bá ń pọ́n òun lé ló máa gbé ọmọ yẹn lọ sórí àga kúkúrú yẹn bí táàmù bá parí. Ojú tì mí, ọmọ mi. Èmi tí mo máa ń lé àwọn ọmọ iṣẹ́ tó bá ṣi nǹkan wọ̀n.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo tún fi jókòó síbẹ̀, tí mo sì fà á bó ṣe rí gan-an. Ọmọ méje, tí wọ́n jókòó láàárín níwájú, ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú gbogbo ìbéèrè. Adákẹ́ kò ní ẹyọ kan. Àbúrò rẹ tan fóònù náà, ó ń gbọ́ ara rẹ̀ bó ṣe ń bèèrè ìbéèrè, tó sì ń dáhùn rẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mí. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un gbọ́. Ó sunkún díẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ. Lẹ́yìn náà ó bọ́jú, ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé pẹ̀lú déètì, kò yọ nǹkan kan kúrò, ó ní ó dáa, òun ti wá mọ̀ báyìí. Mo wò ó, mo ní nínú ọkàn mi pé ọmọbìnrin yìí láyà jù mí lọ. Inú mi dùn débi pé mo lọ bá ìyá rẹ ní ilé ìdáná, mo bá a gbé ìkòkò.

Láti ọjọ́ kejì ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúró bó bá ti bèèrè ìbéèrè. Ó ní òun fẹ́ ka márùn-ún nínú ọkàn òun kí òun tó sọ ohunkóhun. Kò sọ fún èmi ṣáájú. Ó bèèrè pé méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ mélòó, ni kíláàsì bá dákẹ́, òun náà dákẹ́, ó dúró ó ń wò wọ́n. Mo ní ìdáhùn ti fò lọ lórí rẹ̀. Mo rò ó pé wọn ò ní fi ilé wa ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ọmọ méjìdínlọ́gbọ̀n, mo dìde láti ẹ̀yìn, mo pariwo pé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ẹ̀rín pa wọ́n. Àbúrò rẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì bẹ̀ mí pé kí n má mọ nǹkan kan mọ́ títí ilé-ìwé á fi parí.

Wàyí o, ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ní Ọjọ́bọ̀, Adákẹ́ kò wá, ó bá ìyá rẹ̀ àgbà lọ ra òwú. Wọ́n ti gbé àga mi lọ sí ọ́fíìsì fún àlejò kan, mo bá lọ jókòó sí àyè Adákẹ́, níparí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn, lẹ́bàá ògiri. Orúnkún mi kàn mí lágbọ̀n. Àbúrò rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn, mo gbé pẹ́ńsù, mo gbójú sókè, mi ò rí i. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n pákó ni mo ń wò. Ooru ni kì í jẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, inú kíláàsì ló sì ń ṣí sí. Ó fẹ́ ṣí lọ tán, àmọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ìwé wà lára ògiri níwájú rẹ̀, kò jẹ́ kó ráàyè, wọ́n bá fi òkúta tì í síbi tó dé, ó dúró ṣánṣán sáàárín ẹni tó bá jókòó níbẹ̀ àti tíṣà. Ẹni tó jókòó níbẹ̀ kò lè rí pátákó ìkọ̀wé ju ìdajì lọ, tíṣà náà kò lè rí ojú rẹ̀. Mo ní káfíńtà burúkú wo ló ṣe irú iṣẹ́ yìí. Mo ti ń bú u lọ nínú ọkàn mi, mo ti dé orí ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, kí n tó rántí pé èmi ni. Èmi ni mo kan ilẹ̀kùn, èmi ni mo kan kọ́bọ́ọ̀dù.

Mo na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn náà bí èèyàn ṣe máa ń na ọwọ́ sí ohun tó ṣe é lẹ́sẹ̀. Wọ́n ti kùn ún tó ẹ̀ẹ̀mẹrin láti ìgbà tí mo ti kàn án, ṣùgbọ́n ìka mi bá nǹkan pàdé lábẹ́ ọ̀dà, nísàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ ọmọdé tó jókòó lè dé. Ìlà ni, ìlà tí wọ́n fi ìṣó họ. Mo di ojú, mo fi ìka tọ̀ ọ́ lọ. Kí n tó dé ìparí rẹ̀ ni mo ti mọ ọwọ́ tó họ ọ́.

Ní ọjọ́ kejì, mo tọrọ ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ àbúrò rẹ, mo ti ilẹ̀kùn náà kí gbogbo kíláàsì lè rí i, mo fi ṣọ́ọ̀kì ra ojú rẹ̀, àwòrán kan sì jáde: ọkọ̀ ẹrù, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, pẹ̀lú táyà. Àbúrò rẹ wò ó títí, ó wò mí. Ó yí sí kíláàsì, ó ní ta ló lè sọ nǹkan kan fún òun nípa àwòrán yìí, ó sì dákẹ́. Èmi ka ọ̀kan, mo ka méjì, mo ka mẹ́ta. Ẹnu ń yún mi. Mo fi fìlà dí i. Mo ka márùn-ún, mo ka mẹ́fà, àbúrò rẹ kò sọ̀rọ̀, kò wo ẹni tó ti nawọ́ níwájú. Nígbà tí mo ka méje, Adákẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ọkọ̀ ẹrù ni. Ó ní táyà rẹ̀ mẹ́fà, márùn-ún ló pé, ẹyọ kan níwájú jẹ́ ààbọ̀. Ó ní ẹni tó yà á kọ́kọ́ ya ẹ́ńjìnnì, ẹ̀yìn ìyẹn ló fi bọ́nẹ́ẹ̀tì bò ó, torí ìlà bọ́nẹ́ẹ̀tì gba orí ìlà ẹ́ńjìnnì kọjá. Àbúrò rẹ bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní ojoojúmọ́ ni òun ń fi ìka tọ̀ ọ́, torí kò sí nǹkan mìíràn tí òun ń rí níbẹ̀. Gbogbo kíláàsì yí ọrùn. Èmi ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Mo fa ìlà kan sórí orúkọ rẹ̀, ẹyọ kan péré, mo tẹ̀ ẹ́ débi pé ìwé náà ya.

Mo ti tú ilẹ̀kùn náà, mo ti yí i kí ó máa ṣí síta. Ọ̀gá ilé-ìwé wá fúnra rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, ó ní kí n ṣí ilẹ̀kùn náà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, mo gbé e dúró fún un. Ó pẹ́ kí ó tó dìde. Ó ní Adákẹ́ kò lọ sí ibì kankan. Lẹ́yìn náà ó gbé àga, ó lọ ń jókòó sẹ́yìn kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Ìyá aránṣọ gbé àga kúkúrú yẹn padà wá bá mi pé kí n mú ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Mo ní ẹsẹ̀ tí mo ti gé, mo ti gé e. Orí rẹ̀ ni ọmọ náà ń jókòó ṣe iṣẹ́ àmúrelé báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó sì ń kọrin bó ṣe ń ṣe é.

Mo fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn, kí a lè ní ó ti tán. Àbúrò rẹ ní rárá. Ó ní àwọn méjì wà lẹ́bàá fèrèsé tí ilẹ̀kùn kankan ò bò, òun ni kò wo ọ̀dọ̀ wọn. Ó ti kọ orúkọ gbogbo wọn sórí ìdérí ìgò báyìí, ó kó o sínú agolo, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá mú ni á bi ní ìbéèrè, á sì dúró. Ó ní òun á tún kà á lẹ́yìn oṣù méjì bóyá ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́, tí kò bá ṣiṣẹ́ òun á sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ó gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí ìpàdé wọn, títí kan ìwé ọjọ́ kìíní tí mo bàjẹ́, ó ní ó yẹ kí wọ́n mọ̀. Wọ́n gbọ́ ohùn inú fóònù pẹ̀lú. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Wọ́n fi ìpara orúnkún rán an sí mi. Tíṣà àgbà kan wà láàárín wọn tó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì. Ó dìde, ó ní láti ìgbà tí etí òsì òun ti di, ọ̀dọ̀ ọ̀tún nìkan ni òun ń kọjú sí nínú kíláàsì, òun ò sì mọ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Wò ó, ọmọ mi, ọkùnrin àgbà sọ àṣìṣe rẹ̀ ní gbangba, wọ́n pàtẹ́wọ́! Ó wù mí kí a ní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ láàárín àwa káfíńtà.

Ní báyìí, jẹ́ kí n sọ tèmi, kò sẹ́ni tó máa pàtẹ́wọ́. Táyà iwájú tí kò parí yẹn, mo ti ronú rẹ̀ títí. Mo rántí ọjọ́ tí mo wá mú ọ. O ń tún kíláàsì karùn-ún kà, wọ́n ti kọ ọ́ sínú káàdì rẹ pé o ò já fáfá. Ẹnu ọ̀nà yẹn gan-an ni mo gbà wọlé, mo fi ọwọ́ òsì di ilẹ̀kùn mú. Ìṣó wà lọ́wọ́ rẹ, mo gbá a dànù, mo ní àṣé ìwọ lò ń jí ìṣó mi. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé orí rẹ kò gba ìwé, kí o kó ẹrù rẹ, mo ti bá mẹkáníìkì kan sọ̀rọ̀. O kó ẹrù rẹ. Láti ọjọ́ yẹn títí di òní, bí o bá fi owó ránṣẹ́, bí o bá kọ́ ilé fún wa, mo máa ń wí fún àwọn èèyàn pé ọmọ mi kò mọ̀wé ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, mo sì máa ń rò pé ìyìn ni mò ń yìn ọ́. Kì í ṣe orí rẹ, ọmọ mi. Ilẹ̀kùn mi ni. Má bínú. Mo kọ ọ́ síbí torí mi ò lè sọ ọ́ sínú fóònù kí obìnrin yẹn gbọ́.

Mo nílò owó díẹ̀. Ìdè ilẹ̀kùn náà ti gbó, bó ṣe ń ṣí síta yìí ó ń fẹ́ èyí tó tóbi, méjì, àti ìkọ́ kan tí yóò máa dì í mú sára ògiri. Má fi í sórí fóònù o. Fóònù mi kú ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ta ló mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ sí owó tó bá wà nínú rẹ̀ lásìkò yẹn? Fún dírẹ́bà pákó. Má fi owó ọ̀dà kún un, a ò ní kun ilẹ̀kùn náà mọ́, mi ò sì ní fi ìfági kàn án láéláé.

Ìwé kan wà nínú lẹ́tà yìí, tí wọ́n ká sí mẹ́rin. Fọ́ọ̀mù ni. Kíláàsì karùn-ún ló ní kí àbúrò rẹ fi ránṣẹ́. Wọ́n fẹ́ fi àwòrán rẹ kọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì fẹ́ kí o wá ní ọjọ́ kan, kí o sọ fún wọn ohun tí o rí nígbà tí o ń yà á, kí o sì parí táyà yẹn. Adákẹ́ ní òun lè bá ọ parí rẹ̀, àmọ́ kò tọ́ kí èèyàn fọwọ́ kan iṣẹ́ oníṣẹ́ láìjẹ́ pé ó gbà. Ìṣó kan wà lórí fèrèsé tí wọ́n gbé sílẹ̀ dè ọ́, èmi ni mo mú un wá, tuntun ni.

Ka fọ́ọ̀mù náà dáadáa kí o tó fọwọ́ sí i. Wàá rí gbólóhùn yẹn lápá ìsàlẹ̀, pé o lè kọ̀, pé o ò ní láti sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni. Mi ò fagi lé e.

Kí Ọlọ́run bá mi tọ́jú ilé rẹ. Kí ọwọ́ rẹ má ṣe rọ, kí àwọn ọmọ rẹ rí ẹni tó máa dúró gbọ́ wọn, kí ohunkóhun má bò ọ́ mọ́ lójú ẹni tó yẹ kó rí ọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, káfíńtà.